Búkà oníyán ẹ̀yìn Ọjà Ọba ní Adó: ẹ̀bà já, iyán ò já

Ẹ̀yin ará Adó-Èkìtì, mo ti ń jẹun ní búkà yìí láti ọdún 2019, n ò sì kọ nǹkan kan nípa ẹ̀ rí, àmọ́ ohun tí mo rí níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹwàá 2025 ló ní kí n jókòó kọ ọ́. Mo dé'bẹ̀ bí aago méjìlá ààbọ̀, mo gbójú sókè wo bọ́ọ̀dù dúdú tí Màmá máa ń kọ owó oúnjẹ sí lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i pé wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà la ₦300 tó wà níwájú ẹ̀bà, wọ́n wá kọ ₦200 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo rò pé wọ́n ṣì í kọ ni. Mo bi ọmọbìnrin tó ń bu ọbẹ̀, ó ní rárá o, Màmá ló ní káwọn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé gàrí ti wálẹ̀ lọ́jà. Ẹ gbọ́, láti ìgbà tí mo ti ń fowó ara mi jẹun níta, n ò tíì rí olóúnjẹ tó fọwọ́ ara ẹ̀ dín owó kù láìjẹ́ pé oníbàárà bẹ̀ ẹ́. Ohun tá a mọ̀ ní Nàìjíríà ni pé owó tó bá ti gòkè, ó lọ nìyẹn.

Tíṣà Economics ni mí, ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì níbí, mo sì ní ìwé kékeré kan tí mo máa ń kọ owó ohun tí mo bá jẹ àti ohun tí mo bá rà sí, torí náà iye owó oúnjẹ tí mo bá dárúkọ níbí, inú ìwé yẹn ni mo ti mú un.

Tẹ́ ẹ bá ń wá ibẹ̀, kò ní sáínbọ́ọ̀dù. Ẹ gba ẹ̀yìn Ọjà Ọba, kẹ́ ẹ máa tẹ́tí sí ìró odó, torí láti aago mẹ́wàá àárọ̀ làwọn gìrìpá mẹ́ta ti máa ń gún iyán lẹ́yìn búkà, wọ́n á máa sọ ọmọ odó kalẹ̀ tẹ̀léra-tẹ̀léra, ti ẹnìkan ò ní kọ lu ti ẹnìkejì, èèyàn lè dúró kó kàn máa wò wọ́n. Kì í ṣe iyán ẹ̀rọ o, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń da ìyẹ̀fun sínú omi gbígbóná tí wọ́n ń rò bí àmàlà. Màmá fúnra wọn ló ń dì í. Wọ́n á fi omi tútù ra ọwọ́, wọ́n á bù ú, wọ́n á yí i lẹ́ẹ̀mejì nínú abọ́, ó ti dán, wọ́n á wé ọ̀rá mọ́ ọn, ó di inú kúlà. Tẹ́ ẹ bá tú ọ̀rá yẹn, ooru ló máa kọ́kọ́ kí yín, tẹ́ ẹ bá gé òkèlè ó máa fà díẹ̀ kó tó já, ẹ ò ní rí kókó kan níbẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wọn dáa, ẹ̀fọ́ rírò wọn dáa, àmọ́ ọbẹ̀ ìsápá tí wọ́n ń fi ẹ̀gúsí sè lọ́jọ́bọ̀ ni mo lè búra fún. Kíkan ẹ̀ ò pọ̀ jù, wọ́n máa ń bọ ìsápá yẹn dáadáa kí wọ́n tó fún un.

Ọ̀rọ̀ oǹkà tó gba ìgboro kan nígbà yẹn ló bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé yẹn. Ẹ ti gbọ́ pé àjọ NBS tó ń kó oǹkà jọ fún ìjọba àpapọ̀ gbé èsì oṣù kẹsàn-án 2025 jáde, wọ́n ní ọ̀wọ́ngógó ọjà ti wálẹ̀ sí 18.02 pásẹ́ńtì, láti 20.12 tó wà nínú oṣù kẹjọ. Rédíò tó wà lórí fìríìjì Màmá ló ń sọ ọ́. Ọlọ́kadà kan tó jókòó tì mí ló fi òkèlè sílẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ọ̀wọ́ngógó wo ló já? Iyán tí mò ń jẹ yìí já ni? Irọ́ ni wọ́n ń pa.” Mo wá ní kó bá mi ṣírò ẹ̀. Mo ṣí ìwé mi, mo ní ẹ wò ó, iyán kan ní búkà yìí gan-an, oṣù kẹwàá 2023, ₦300. Oṣù kẹwàá 2024, ₦500. Oṣù kẹwàá 2025, ₦600. Láàárín ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ₦200 ló gun orí ₦300, ìyẹn lé ní 66 pásẹ́ńtì. Láàárín ọdún kejì, ₦100 ló gun orí ₦500, 20 pásẹ́ńtì nìyẹn. Láti 66 sí 20, tí NBS bá ní ọ̀wọ́ngógó iyán ti já wálẹ̀ gan-an, wọn ò parọ́. Àmọ́ iyán tiẹ̀ ò já, ₦100 ló tún fi gòkè sí i. Bó ṣe ń gòkè ló ti dẹwọ́, òun fúnra ẹ̀ ò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin náà wo ìwé yẹn pẹ́, ó ní ṣé ìdí tí wọn ò fi sọ ọ́ báyẹn lórí rédíò ni pé wọn ò fẹ́ ká mọ̀? N ò rò bẹ́ẹ̀, mo rò pé àwọn tó ń ka ìròyìn gan-an ò mọ ìyàtọ̀ ẹ̀ ni, ìyẹn ló sì ń dùn mí, torí ọ̀rọ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tá a lè fi iyán ṣàlàyé ló ń jẹ́ káwọn èèyàn máa rò pé gbogbo oǹkà ni irọ́.

Ohun kejì tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé wọ́n pààrọ̀ òṣùwọ̀n. Oṣù kejìlá 2024, 34.80 pásẹ́ńtì ni wọ́n pè é. Oṣù kìíní 2025, 24.48. Kò sí ọjà kankan tó já wálẹ̀ báyẹn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láti ọdún pípẹ́ owó ọjà 2009 ni wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò, wọ́n wá sún ìpìlẹ̀ yẹn wá sí 2024, wọ́n sì tún ìwọ̀n ohun táwọn èèyàn ń náwó lé lórí ṣe, oúnjẹ tó kó bí 51.8 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀ wá kó bí 40. Ó yẹ kí wọ́n ṣe é, mo fara mọ́ ọn, ẹni tó ń fi ohun táwọn èèyàn ń rà ní 2009 wọn ti òní, nígbà tí dátà fóònù ò tíì di dandan fún gbogbo ilé, kò lè rí òótọ́. Àmọ́ ẹni tó bá mú 34 ti òṣùwọ̀n àtijọ́ tó mú 18 ti tuntun tó wá ń pariwo pé ọ̀wọ́ngógó ti já sí ìdajì, iṣẹ́ tí mo máa ń fún àwọn ọmọ SS2 ní òdo fún nìyẹn.

Ibi tó ta mí jù nínú èsì oṣù kẹsàn-án yẹn ò wá sórí rédíò rárá. Nínú ìwé kan náà, wọ́n to àwọn ìpínlẹ̀ lórí owó oúnjẹ, tá a bá fi oṣù kẹsàn-án 2024 wé ti 2025. Èkìtì ló ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, 28.68 pásẹ́ńtì. Rivers ló tẹ̀ lé e pẹ̀lú 24.18. Bauchi ló kéré jù, 2.81. Ẹ tún un kà. Àwa tá à ń pera wa ní ọmọ iyán, àwa tí oko wà lẹ́yìnkùlé wa láti Ìkọ̀lé dé Èmùré. NBS fúnra ẹ̀ máa ń kìlọ̀ pé ohun tí ìpínlẹ̀ kan ń jẹ yàtọ̀ sí ti èkejì, pé kéèyàn ṣọ́ra tó bá ń fi wọ́n wéra, mo gbà, àmọ́ ìyẹn gan-an ló ṣàlàyé ẹ̀. Àwọn ohun tí NBS ní ó jẹ́ kí owó oúnjẹ já nínú oṣù kẹsàn-án, àgbàdo, gàrí, ẹ̀wà, jéró, àlùbọ́sà, ẹyin, tòmáàtì, ata tútù. Ẹ wá iṣu nínú ẹ̀. Ilé wa, “iyán lónjẹ, ọkà loògùn” la sì ń wí, ẹ̀bà wà fún ìgbà tí iyán ò bá sí. Tòmáàtì àti àlùbọ́sà tá à ń jẹ tún ń ti òkè ọya bọ̀, ó máa gba ọ̀nà tí gbogbo wa mọ bó ṣe rí kó tó dé Adó, bí epo ṣe wọ́n fún ọkọ̀ akẹ́rù ni tiwa náà ṣe máa wọ́n. Torí náà nígbà tí Màmá dín owó ẹ̀bà kù tí wọ́n ò dín ti iyán, ohun tó wà nínú ìwé NBS gan-an ni wọ́n kọ sórí bọ́ọ̀dù yẹn, wọn ò sì ka ìwé náà.

Mo bi wọ́n léèrè ìdí. Wọ́n ní, “Tíṣà, nígbà tí gàrí gòkè mo sọ fún yín pé gàrí ló gòkè, ẹ ò bá mi jà. Ó ti wálẹ̀ báyìí, kí ni mo fẹ́ sọ? Usu ò tíì wálẹ̀, mi ò lè purọ́ usu.” Bí àwọn àgbà Èkìtì ṣe ń pe iṣu nìyẹn, usu, ó máa ń dùn mọ́ mi tí mo bá gbọ́ ọ.

Ó tún ku ohun kan tó jẹ́ kí n máa gbèjà búkà yìí níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi tó máa ń sọ pé ibẹ̀ ti wọ́n jù. Ilé oúnjẹ kan wà nínú ìgboro yìí kan náà, n ò ní dárúkọ wọn, ₦500 ni wọ́n ń ta iyán kan ní oṣù kẹwàá 2024, ₦500 náà ni wọ́n ń tà á dòní, gbogbo èèyàn ló sì ń yìn wọ́n pé wọn ò fowó lé e. Ìyàwó mi ní òṣùwọ̀n kékeré tó fi ń wọn fúláwà tó bá fẹ́ ṣe kéèkì. Ní 2024 yẹn mo ra iyán ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi méjèèjì, mo gbé e délé, mo tú u nínú ọ̀rá, mo wọ̀n ọ́n, méjèèjì ń lọ sí bíi gíráàmù 400. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún un ṣe. Ti Màmá ṣì jẹ́ 400, ó tiẹ̀ lé díẹ̀. Ti ibi tí wọn ò fowó lé yẹn, 300. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: gíráàmù ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ ₦125 lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì lọ́dún tó kọjá ti di ₦150 lọ́dọ̀ Màmá, ó sì ti di nǹkan bí ₦167 lọ́dọ̀ àwọn tí kò fowó lé nǹkan kan. 20 pásẹ́ńtì ni Màmá fi gòkè, wọ́n sì kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù kí olúkúlùkù rí i. Àwọn yẹn ti fi 33 gòkè, inú ọ̀rá ni wọ́n fi í pa mọ́ sí. Mo jẹun níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìfura, mo kàn ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ebi ń tètè pa mí ní aago mẹ́ta. Inú bí mi nígbà tí mo rí òṣùwọ̀n yẹn, ó ṣì ń bí mi, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ ni owó wọn ò pọ̀, owó kan náà sì ni wọ́n ń san fún oúnjẹ tó ti dín ìdá mẹ́rin ẹ̀ kù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó oṣù, torí òun ló máa jẹ́ ká mọ̀ bóyá ₦2,000 tí mò ń san fún àwo oúnjẹ kan pọ̀ àbí kò pọ̀. Iyán méjì àti ọbẹ̀ pẹ̀lú ẹran kan, ohun tí mo máa ń jẹ nìyẹn. Oṣù karùn-ún 2023, kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́jọ́ 29, ₦800 ni. Owó oṣù tó kéré jù nígbà yẹn, ₦30,000, ẹni tó bá ń gbà á lè jẹ àwo oúnjẹ yìí lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógójì lóṣù tí kò bá ṣe nǹkan míì. Epo tí kò tó ₦200 lítà kan di ₦617 nínú oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ nínú oṣù kẹfà kí ọjà fúnra ẹ̀ máa pinnu iye ẹ̀, ó kúrò ní bíi ₦470 sí dọ́là kan, ó dé nǹkan bí ₦1,500 nígbà tó yá. Oṣù keje 2024, àwo kan náà ti di ₦1,500, owó oṣù ṣì jẹ́ ₦30,000, àwo ogún péré ló kù. Òpin oṣù yẹn ni wọ́n tó buwọ́ lu ₦70,000. Nínú oṣù kẹwàá 2025, àwo kan ₦2,000, ₦70,000 ń ra márùndínlógójì. Mo mọ àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tó máa ní owó ìrànwọ́ yẹn ò ṣeé gbé mọ́, bóyá òótọ́ ni, n ò bá wọn jiyàn pé ó ń jẹ owó ìjọba. Ohun tí mò ń jà sí ni oṣù mẹ́rìnlá yẹn. Wọ́n yọ epo, wọ́n tú náírà, láàárín oṣù kan, owó oṣù tuntun wá pẹ́ oṣù 14 kó tó dé. Láti àwo 37 dé 20, ara èèyàn ló gbé e. Ní 2024 yẹn, mo rí àwọn kan níbí tí wọ́n ń pín iyán kan láàárín ẹni méjì. Ìgbà yẹn náà ni Màmá gbé gáàsì jù sílẹ̀ tí wọ́n padà sí igi ìdáná, títí dòní aṣọ yín máa gbóòórùn èéfín tẹ́ ẹ bá jókòó sápá ẹ̀yìn, ẹ mú tẹ́ńtì ti iwájú.

Èlé owó ńkọ́? Báńkì àpapọ̀ CBN, látìgbà tí Olayemi Cardoso ti di gómìnà wọn, gbé èlé tí wọ́n fi ń yá àwọn báńkì lówó láti 18.75 pásẹ́ńtì lọ sí 27.50 nínú oṣù kọkànlá 2024, oṣù kẹsàn-án 2025 ni wọ́n tó dín in kù sí 27, ìgbà àkọ́kọ́ láti 2020. Mo bi Màmá bóyá wọ́n gbọ́. Wọn ò gbọ́, kò sì kàn wọ́n, torí àjọ ni wọ́n ń dá, àwọn oníṣu sì ń tà á láwìn fún wọn títí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Èlé gíga yẹn ò dé búkà yìí gba ẹnu ọ̀nà, àmọ́ ó gba ojú fèrèsé wọlé, torí òun wà lára ohun tó jẹ́ kí náírà dúró díẹ̀ ní 2025, náírà tó dúró sì ni kò jẹ́ kí epo àti owó mọ́tò tún fò. Mo gbà fún wọn níbẹ̀. Wọ́n ṣe é pẹ́, ó sì ń pa àwọn tó fẹ́ yáwó dá iṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ ó ṣiṣẹ́.

Ohun tí n ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé tẹ́ ẹ bá ń jẹ ẹ̀bà ₦200 yẹn ni pé ẹnìkan ló ń san ìyókù. Àbúrò Màmá ń dáko ẹ̀gẹ́ lápá Ìkọ̀lé. Ní 2024 tí gàrí wọ́n, gbogbo èèyàn ló sáré gbin ẹ̀gẹ́, òun náà fẹ oko ẹ̀ lójú, wọ́n jọ ń wú u báyìí, ó kún ọjà. Ìjọba náà ti ṣí ẹnubodè fún ìrẹsì, àgbàdo, ẹ̀wà àti wíìtì láìgba owó kọ́sítọ́ọ̀mù fún 150 ọjọ́ ní 2024, gàrí ò sí lára ẹ̀, àmọ́ tí àgbàdo àti ìrẹsì bá rọlẹ̀ gàrí ò lè dá dúró lókè. Ajílẹ̀ ò rọlẹ̀, oògùn apakòríko ò rọlẹ̀, owó àwọn tó ń bá a kọ ebè ò rọlẹ̀. Màmá sọ fún mi pé ó ti ní ẹ̀gẹ́ ò sí nínú ohun tóun máa gbìn ní 2026. Tó bá pọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀, ẹ máa rí i pé bọ́ọ̀dù yẹn máa tún padà sí ₦300. Ibi tí mo fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ wa náwó sí nìyí, ibi ìgbé-gàrí-pamọ́ àti ọ̀nà oko, kí àgbẹ̀ má baà ta gbogbo ẹ̀ tán lóṣù kan náà.

Ohun tí kò dáa níbẹ̀: ẹran wọn ti kéré, ₦800 tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀ ni n ò fẹ́ gbà, mo ti sọ fún wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ san tíráńsífà, ẹ múra àti dúró, fóònù kan péré ni àlẹ́ẹ̀tì ń wọ̀, ọmọ wọn ló sì máa ń mú un dání, lọ́jọ́ kan mo dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ mú kááṣì. Bẹ́ńṣì mẹ́fà ló wà, láàárín aago kan sí méjì ẹ máa dúró. Omi ìfọwọ́ wọn mọ́, abọ́ wọn mọ́, wọn ò sì ń ta iyán àná.

Máàkì mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni mo fún wọn, ẹran ló gba ọ̀kan yẹn. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìsápá, Ọjọ́bọ̀ ni, ẹ dé'bẹ̀ kó tó di aago kan, torí mo débẹ̀ ní aago méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìsàlẹ̀ ìkòkò ni mo bá.